Òkúta Tó Wà Nínú Ikùn Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Inú ikùn rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bá òkúta náà. Aṣọ ìnugíláàsì funfun ni wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n sì tì í sínú ihò dúdú tó wà láàárín rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, níbi tí ojú kankan kì bá tí dé bí kì í bá ṣe pé Sájẹ́ǹtì fa abala kan yọ lára ògiri rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń dúró de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ohun mìíràn ju Tíṣà lọ: bàbá gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, tó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn. Kò jà. Kò sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti dá ara rẹ̀ láre.

"Ó ti parí, mà," ni Sájẹ́ǹtì wí fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Ẹrù olè rèé, olè náà rèé. Mọ́tò ń dúró níta."

 Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà, ìwà rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní orúkọ tí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é, Màmá Sùúrù. Ó kọ́kọ́ rìn yí gbọ̀ngàn náà ká, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tó wá yẹ ilé tí ó fẹ́ kó wọ̀ wò.

Gbọ̀ngàn tó tóbi jù lọ nínú ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè jọ ojú ọ̀run ní òru, wọ́n sì so àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ mọ́ àjà bí ìràwọ̀. Orí tábìlì ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Tíṣà fẹ́ ṣe àfihàn rẹ̀ wà. Àgbàlagbà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà, bíríkì oníke kéékèèké tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni wọ́n sì fi ń kọ́ ohun tí ń ya àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu. Ibùdó inú òfúrufú kan wà, tó na ìyẹ́ bí àwòdì. Abúlé kan wà lórí òṣùpá, tí òrùlé rẹ̀ tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí eyín funfun. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tíṣà ló wà láàárín, ó ga débi pé ọmọ ilé ìwé yóò ní láti gbójú sókè kó tó rí ṣóńṣó rẹ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé pèpéle òkúta náà sí.

Ògo ilé náà ni òkúta ọ̀hún. Ojú ọ̀run ló ti já bọ́, kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Olùdarí ilé náà ló ní kí wọ́n gbé e sáàárín àwọn iṣẹ́ oníke wọ̀nyí, kí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì lè rí ohun tó ti òkè wá lóòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Wọ́n gbé e sórí pèpéle láàárọ̀. Wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n padà, pèpéle ti ṣófo.

Olùdarí, ọkùnrin kúkúrú kan tí òógùn kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ, ń tẹ̀ lé Màmá Sùúrù kiri bí òjìji. Ó ní kò sí ohun tó kù láti wádìí. Ó ní kí wọ́n gbé bàbá náà lọ, kí wọ́n sì gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín gbọ̀ngàn tó kéde pé bí àfihàn bá parí, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò ní kúrò nílé yìí mọ́: yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta títí ayé, nínú àpótí gíláàsì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Ní báyìí, ṣe ló ń fi ìka júwe rẹ̀ bí ohun tí ajá gbé wọlé.

"Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ wo inú rọ́kẹ́ẹ̀tì?" ni Màmá Sùúrù bi Sájẹ́ǹtì.

Sájẹ́ǹtì ní àwọn ti tú gbogbo báàgì, àwọn ti yẹ gbogbo àpò wò, kódà àwọn ti ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò òdòdó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì búra pé ẹnikẹ́ni kò mú nǹkan jáde. Alága ẹgbẹ́ ló wá là wọ́n lóye.

Alága bọ́ síwájú. Oníṣègùn eyín ni, ọkùnrin tí ẹ̀wù rẹ̀ gba ayọ́ọ̀nù débi pé etí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Òun ló kọ́ abúlé orí òṣùpá. Nígbà èwe rẹ̀, abẹ́ Tíṣà yìí náà ló ti kàwé.

"Ó dùn mí dọ́kàn, mà," ló wí. "Tíṣà mi ni wọ́n. Ohun tí mo sọ kò ju pé iṣẹ́ ńlá máa ń ní ihò nínú, kó má baà wúwo jù. Mi ò dárúkọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Tiyín náà ní ihò nínú?"

"Ó ní, mà. Wọ́n ti wò ó."

"Ṣé ẹlòmíràn kò lè ṣí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Alága mi orí. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ: ọwọ́ ẹni kì í kan iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ìyẹ́ bá ṣẹ́, bí ògiri bá wó, ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló lè tún un ṣe. Òun kò fọwọ́ kan rọ́kẹ́ẹ̀tì náà rí láyé òun, ó ní òun lè fi ohunkóhun búra.

Òfin yìí ni Sájẹ́ǹtì gbé ara lé. Ẹni tó ni ilé ló mọ ibi tó ń jò. Bí kò bá sí ọwọ́ mìíràn tó kan rọ́kẹ́ẹ̀tì, ta ló tún kù?

Màmá Sùúrù ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ níta ná.

*

Ọmọ ẹgbẹ́ kẹta ni obìnrin aránṣọ tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Télọ̀. Òun ló kọ́ ibùdó inú òfúrufú, òun náà ló sì rán aṣọ dúdú ojú fèrèsé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màmá Sùúrù ti bá a sọ̀rọ̀, Sájẹ́ǹtì sì dúró tì wọ́n.

Kò dúró kí wọ́n bi í kó tó sọ pé òun padà sínú gbọ̀ngàn nígbà oúnjẹ. Sísọ́ọ̀sì òun ni òun lọ mú. "Sísọ́ọ̀sì mi kì í sùn níta, mà. Ọkọ mi gan-an mọ̀. Tó bá di pé iná jó ilé, sísọ́ọ̀sì ni mo máa kọ́kọ́ gbé, kí n tó rántí ẹni tó ni ilé."

"Ǹjẹ́ òkúta wà lórí pèpéle nígbà tí ẹ wọlé?"

Ó ní òun kò wo ibẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Ohun tí mo rántí ni pé Tíṣà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Mo juwọ́ sí wọn. Wọ́n wò mí báyìí, ojú ko ojú, wọn ò dá mi lóhùn. Mo ní, áà, kí ni mo tún ṣe fún bàbá yìí?"

Sájẹ́ǹtì ké sí ọ̀gá rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Tíṣà ti sọ fún un, láìbẹ̀rù, pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lòun jókòó sí ní gbogbo àsìkò oúnjẹ, pé òun kò rí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Irọ́ gbáà. Obìnrin yìí fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àbí kẹ̀, ṣé obìnrin yìí gan-an ni kí àwọn máa wò? Inú àkísà tó kó wá ni aṣọ funfun tí wọ́n fi wé òkúta ti jáde, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé òun wọlé.

Àǹtí Télọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní òkìtì àkísà náà wà lórí fèrèsé láti àárọ̀, tọmọdé tàgbà ló ń fà á yọ, Sájẹ́ǹtì pàápàá ti fi ọ̀kan nu bàtà. Sájẹ́ǹtì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká rò ó," ni Màmá Sùúrù wí, nígbà tí obìnrin náà ti padà wọlé. "Ká ní bàbá yìí ló jí òkúta. Ẹ ní kó sọ ẹni tó wọlé. Kí ni ì bá sọ?"

"Á ní òun ò rí ẹnikẹ́ni."

"Rárá. Á ní òun rí Àǹtí Télọ̀. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ì bá sì gbà á là. Olè a máa wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi rù. Bàbá yìí ń rì sómi, koríko wà létí ọwọ́ rẹ̀, kò dì í mú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Ó wá ku Alága. Ó ti ní inú mọ́tò òun lòun ti jẹun, lẹ́yìn ilé. Màmá Sùúrù rìn lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, yàrá náà sì ní ilẹ̀kùn mìíràn tó wọ gbọ̀ngàn. Méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kò ní kọjá níwájú Tíṣà rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wọlé kọ́ ni ẹni tó wọlé, kò sì sí ẹni tó rí Alága níbì kankan.

*

Ó padà sídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yọ nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Abala tí Sájẹ́ǹtì fà yọ ṣì wà lódindi lórí tábìlì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kókó wẹ́wẹ́ tí a fi ń so bíríkì kan mọ́ èkejì yọ lára rẹ̀ bí ara ọ̀nì. Bí ènìyàn bá fi awò wò ó, yóò rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe bíríkì náà ti tẹ orúkọ ara rẹ̀ sórí kókó kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà tó tín-ín-rín ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.

Màmá Sùúrù wo ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà kan dojú kọ òkè, èyí tó tẹ̀ lé e dorí kodò, òmíràn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó wá wo abala orí tábìlì. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló dúró ṣánṣán, ọ̀kan kò yẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà.

Ó mí kanlẹ̀. Abala yìí ti tú sí ẹnìkan lọ́wọ́, ẹni náà sì tún un tò. Kì í ṣe ọwọ́ tó kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ló tò ó.

Ó lọ wo ibùdó Àǹtí Télọ̀: lẹ́tà ibẹ̀ náà kọjú síbi tó wù wọ́n. Ó lọ wo abúlé orí òṣùpá. Òrùlé, ògiri, ojú ọ̀nà, àní àwọn òkúta kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sí lẹ́tà kan tó wọ́. Ó wò ó títí ọrùn fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Olùdarí pé òun fẹ́ bá Tíṣà sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì nìkan, nínú yàrá ìkẹ́rùsí.

Olùdarí ní ilẹ̀ ń ṣú lọ. Màmá Sùúrù ní bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

*

Wọ́n jókòó láàárín àwọn páálí òfìfo. Tíṣà ní bíríkì méjì lọ́wọ́, ó ń fi àtàǹpàkò pa wọ́n bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ìnira."

"Ìnira kò sí, ọmọ mi. Ẹ ṣe ohun tí iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ ṣe."

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Lẹ́tà orí kókó bíríkì wọ̀nyí, ṣé ẹ máa ń tò wọ́n kí wọ́n kọjú síbì kan náà?"

Àtàǹpàkò bàbá náà dúró. "Lẹ́tà wo?"

 Màmá Sùúrù na bíríkì pupa kan sí i, níwájú ojú rẹ̀ gan-an, kò sì sọ̀rọ̀. Bàbá náà ń wo ọ̀kánkán rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń dúró de ìdáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí orúnkún. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó fa bíríkì náà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́.

"Láti ìgbà wo, sà?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Tíṣà mọ̀ pé ó ti tú. Ó tẹ orí ba.

Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló dé. Ìwé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ojú ènìyàn. Ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí ohun ńlá bí òjìji. Gbogbo èyí tó kù, ìka rẹ̀ ló ń bá a rí i. Ìka ló fi kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun gbọ́ ẹsẹ̀, wọn yóò bi í pé ẹsẹ̀ ta ni.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn," ni Màmá Sùúrù wí. "Ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ ti bọ́."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó wí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. "Ọmọbìnrin mi ti sọ pé ọjọ́ tí ojú mi bá kọṣẹ́, òun á di bíríkì mi sínú àpò, òun á sì wá kó mi lọ sílé òun, kí n máa jókòó sójú kan kí n máa jẹ, kí n máa sùn. Ó fẹ́ràn mi, ohun tó sì máa ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní olè. Olè a máa ṣẹ̀wọ̀n kó sì jáde. Ẹni tí wọ́n bá ti ń fà lọ́wọ́, ibo ló tún ń jáde sí?"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ ohùn Olùdarí tó ń béèrè bóyá ó kù díẹ̀.

Màmá Sùúrù ronú. Bí òun bá gbé abala náà jáde báyìí, Alága yóò ní Tíṣà ló tò ó, pé ta ni kì í to lẹ́tà nígbà tó bá wù ú. Ohun kan ṣoṣo ló lè já irọ́ náà, òun náà ni bàbá yìí ń bẹ òun pé kí òun má sọ.

"Mi ò ní sọ ọ́, sà," ló wí níkẹyìn.

Ó dìde. Kó tó pe àwọn yòókù jọ, ó yà sídìí tábìlì, ó bá abala náà ṣe ohun kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò rí.

*

Gbogbo wọn dúró yí tábìlì ká: Olùdarí, Àǹtí Télọ̀, Alága, Sájẹ́ǹtì. Tíṣà nìkan ló jókòó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níwájú wọn, ihò ṣí sílẹ̀ ní ikùn rẹ̀, abala ara rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ níwájú Alága, lábẹ́ iná.

Màmá Sùúrù ní kí Sájẹ́ǹtì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Irin náà dún nínú gbọ̀ngàn. Àǹtí Télọ̀ bo ẹnu.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì yára. Ó sọ nípa òkúta, ibi tó ti já bọ́, bí ó ti pẹ́ tó nínú ilé yìí láìsí ẹni tó fọwọ́ búburú kàn án. Ó sọ nípa sísọ́ọ̀sì Àǹtí Télọ̀, ìdí tí ẹni tó jalè kò fi ní tètè jẹ́wọ́ pé òun wọlé. Ó sọ nípa àkísà. Olùdarí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò ó. Sájẹ́ǹtì, tí ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ohun tí yóò máa wò fún un, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ ẹnìkan.

Alága ń gbọ́, ó ń mi orí síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dúró lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń yí padà sórí abala tó wà níwájú rẹ̀, yóò kúrò, yóò tún padà, bí eṣinṣin tó rí ojú egbò. Ìka rẹ̀ ń tẹ etí tábìlì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó tún yọ ọ́.

Màmá Sùúrù wá dákẹ́. Kò sọ pé òun parí, kò sì sọ pé ó kù. Ó kàn dákẹ́ ni, ó yíjú sí fèrèsé bí ẹni tó gbàgbé gbólóhùn.

Ọwọ́ Alága jáde. Bí ènìyàn ṣe ń yọ fọ́nrán òwú kúrò léjìká ọ̀rẹ́, láìrò ó, ni ó fa bíríkì kan yọ lára abala náà, ó yí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ó dún kẹ́.

"Ta ló tẹ bíríkì?"

Tíṣà ni. Ó ti gbé orí sókè. "Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

 Àǹtí Télọ̀ wo Alága, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Alága," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ka òfin yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní torí pé ẹnu mi pọ̀."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, àṣà ọwọ́ lásán ni. Lẹ́tà kan ló wọ́ lórí abala náà, òun kì í sì í lè rí ohun tó bá wọ́ kí ọkàn òun balẹ̀. Eyín ni iṣẹ́ òun, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbà," ni Màmá Sùúrù wí. Ó gbé awò rẹ̀ lé tábìlì níwájú Olùdarí. "Èmi ni mo yí ẹyọ kan yẹn kó wọ́. Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ara rọ́kẹ́ẹ̀tì."

Olùdarí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó ní lẹ́tà ibẹ̀ kò lórí, kò nídìí.

"Láti ìdí dé ṣóńṣó ni. Gbogbo ara rẹ̀ ló wọ́." Ó yíjú sí Alága. "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ ti dúró níwájú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí láti àárọ̀? Lẹ́tà kan kò dùn yín. Ibi gbogbo wọ́, ọkàn yín balẹ̀, torí pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Abala kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè fara da kí lẹ́tà kan yẹ̀ lára rẹ̀. Kí ló dé, sà? Iṣẹ́ ta ni abala yẹn?"

Alága fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ẹ ní ẹ kò fọwọ́ kan rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí rí. Abala náà ya lé yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń ti òkúta sínú. Ẹ ní láti tò ó padà kíákíá kí oúnjẹ tó tán. Ojora mú yín, síbẹ̀ ọwọ́ yín kò gbà fún yín láti tò ó wọ́wọ̀ọ́wọ́."

Alága kò wo obìnrin náà mọ́. Ojú Tíṣà ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ tí wọ́n ní kó dìde lórí ìjókòó.

"Abúlé mi kò ní àṣìṣe kan, sà. Ẹ wá ẹyọ kan, ẹ ò ní rí i. Nígbà tí mo wà lábẹ́ yín, ìlà tí mo fà kì í wọ́, àwòrán mi kì í ní àbàwọ́n, ẹlòmíràn lẹ máa ń gbé tiẹ̀ sókè. Ẹ ní tiẹ̀ ní ẹ̀mí. Ọjọ́ orí mi rèé, Olùdarí tún dúró síbí láàárọ̀ yìí, wọ́n tún gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sókè. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde ni. Mo rò pé wọ́n á bá òkúta níbẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ sílé, ó tán. Mi ò mọ̀ pé ó máa di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá."

"Ẹ wà níbí nígbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde," ni Màmá Sùúrù wí. "Ẹ dákẹ́."

Alága na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ dára," ló sọ fún ọkùnrin náà, láìbínú. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ tipẹ́. Máa bá wọn lọ."

Irin náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́rùn ọwọ́ mìíràn. Olùdarí tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló padà, ó na gbalaja níwájú bàbá náà, ó ń tọrọ àforíjì, ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní kúrò níbi tó wà, ó ní kí Tíṣà jọ̀wọ́ bá àwọn dí ihò rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé lọ́la.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nínú Àǹtí Télọ̀. Kò sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ nínú rẹ̀.

"Tíṣà, ṣùgbọ́n mo juwọ́ sí yín. Ẹ wò mí. Kí ló dé tí ẹ fi ní ẹ ò rí—"

"Àgbàlagbà tó jókòó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́," ni Màmá Sùúrù wí, "ta ló mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ?"

Àǹtí Télọ̀ yíjú wò ó. Ó yíjú wo Tíṣà, ó wò ó pẹ́, ó wo àtàǹpàkò tó ń pa bíríkì méjì lórí orúnkún.  Ó gbé abala náà lórí tábìlì. Kò gbé e síwájú bàbá náà, kò sì sọ pé ó rèé. Ó rìn yí tábìlì ká, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì bá a tẹ ìka dé etí ibi tó ti ya.

Òfin ẹgbẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Tíṣà dìde. Ìka rẹ̀ wá ẹnu ihò náà, ó rí i, ó fi ìka yí i ká. Ó tú abala tí Alága tò palẹ̀ pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ikùn rọ́kẹ́ẹ̀tì fi dí.

Màmá Sùúrù ti fi awò rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́. Kò tún mú un jáde.